Ta Ni Yóò Sanwó Ọ̀nà Tí A Yí Padà?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ tí mo mú wá sí ojú ìwé wa lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá lójú ẹni tí ó ń gun ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ẹsẹ̀ ni. Mo sì mọ̀ pé bí mo ti dárúkọ ọ̀nà ẹsẹ̀ yìí, ẹlòmíràn nínú yín ti fẹ́ ṣí ìwé síwájú láti wá ewì kà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré yìí ni ó gbé mi dé ibi tí àwọn onírònú ti ń bá ara wọn jiyàn láti ọjọ́ pípẹ́: kí ni ó jẹ́ ti ẹnìkan, kí ni ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, àti pé bí ti ẹnìkan bá forí gbárí pẹ̀lú ti gbogbo ènìyàn, àpò ta ni a ó ti mú owó láti pẹ̀tù sí i?

Ní Alápòtí ni mo ti kọsẹ̀ lu ọ̀rọ̀ náà. Alápòtí wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò àti Ọ̀tà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, lórí ilẹ̀ àwọn Àwórí. Ẹni tí ó bá mọ agbègbè Ọ̀tà àti Ṣàngó mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ ni ó gba ibẹ̀ kan. Èyí ń rọ irin, èyí ń ṣe ike, èyí ń ṣe oúnjẹ inú ọ̀rá. Bí àyè ti ń há ní Èkó ni àwọn ènìyàn ń ṣí wá sí ìhín, tí ilẹ̀ oko ń di ilẹ̀ ilé, tí òkúta ààlà àwọn awọnlẹ̀ sì ń hù láàárín ẹ̀gẹ́ bí olú.

Mo ní ìyá kan níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ṣùgbọ́n tí kò tí ì gbà fún ẹnikẹ́ni pé òun ti darúgbó. Oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kò jìnnà sí ilé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan mo ní kí n bá a gbé agbọ̀n. A gba ọ̀nà tí ó ti ń gbà láti ìgbà tí ó ti wọ ilé ọkọ. Bí a ti ń lọ ni ó ń sọ ìtàn fún mi: ibí ni ejò ti bu lágbájá jẹ, ibí ni òjò ti ká òun àti ọ̀rẹ́ òun mọ́ ní ọdún tí wọ́n bí ọmọ báyìí. Kí a tó mọ̀, ọ̀nà lọ kan ògiri. Ògiri búlọ́ọ̀kù ni, ó ga ju orí ènìyàn lọ, simẹ́ńtì rẹ̀ kò sì tí ì gbẹ tán. Ọ̀nà náà kò yà, kò tẹ̀. Ó kàn rìn lọ bẹ́ẹ̀, ó sì wọ abẹ́ ògiri lọ bí ìgbà tí odò bá wọ ilẹ̀.

Ìyá gbé agbọ̀n kalẹ̀. Ó wo ògiri náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní, “Wọ́n ti yí ọ̀nà padà.” Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó tún gbé agbọ̀n rẹ̀, ó yà sí òsì, mo sì tẹ̀lé e. Àyè tí ẹni tí ó mọ ògiri fi sílẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ sí ìsàlẹ̀, ó sì gba inú àbàtà kọjá. Ẹrẹ̀ mù wá dé orúnkún. Ìrìn tí kì í ju ìdajì wákàtí lọ gba wákàtí kan gbáko lọ́wọ́ wa, èmi tí mo sì jẹ́ ọmọdé sí i ni mo ń mí hẹlẹ.

Bí ẹ bá rò pé ẹni tí ó mọ ògiri náà jẹ́ ọlọ́rọ̀ kan tí ikùn rẹ̀ ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, ẹ ṣìnà. Òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì ni, ènìyàn jẹ́jẹ́, tí ó fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ra ilẹ̀ láti sin adìẹ. Nígbà tí ó gbọ́ pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó wá kí ìyá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó sórí ìjókòó kékeré kan.

Ó ní, “Ìyá, ẹ má bínú. Mo ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí, mo san owó ìwé, mo sì san ti àwọn ọmọ onílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀nà yẹn la ilẹ̀ mi sí méjì bí ẹni la obì. Àwọn olè ń gba ibẹ̀ wọlé. Mo sì fi àyè sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹ lè máa kọjá. Ó tún wá kù kí n máa sanwó ọ̀nà. Owó ọ̀nà wo ni, ìyá?”

Ìyá ní, “Àbúrò mi, èmi kò bèèrè owó lọ́wọ́ rẹ. Omi ni mo ń bèèrè. Ta ni yóò wá nǹkan ṣe sí omi yẹn?”

Ọkùnrin náà kò rí èsì fọ̀. Èmi náà kò rí. Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè yẹn kò ti jẹ́ kí n sinmi.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ara wa ní ohun tí ọ̀nà ẹsẹ̀ jẹ́. Kì í ṣe títì tí ìjọba fi ọ̀dà sí. Kì í ṣe ohun tí ẹnìkan jókòó tí ó yà sórí ìwé. Ẹnìkan ni ó kọ́kọ́ la ibẹ̀, àwọn àgbà sì sọ pé ẹni tí ó ń la ọ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Ẹni kejì tẹ̀lé e, ó rí i pé ibì kan ń yọ̀, ó yà díẹ̀. Ẹni kẹta yà níbi gbòǹgbò igi. Lẹ́yìn ogójì ọdún, ọ̀nà ti wọ́ kọ́lọkọ̀lọ, ṣùgbọ́n wíwọ́ rẹ̀ kò ṣẹ̀yìn ọgbọ́n. Awọnlẹ̀ tí ó bá fi okùn fà á ní títọ́ lè gbà wá ní ìṣísẹ̀ mélòó kan, kí ó sì sọ wá sínú àbàtà tí àwọn tí ó ti kú ti yẹra fún. Nítorí náà, nígbà tí a bá yí ọ̀nà padà, kì í ṣe ilẹ̀ nìkan ni a ń sún. Ìmọ̀ tí àtẹ́lẹsẹ̀ kó jọ ni a ń dà nù, a sì tún ní láti kó òmíràn jọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà náà kò sì wà lásán tẹ́lẹ̀ rí. Láyé àtijọ́ iṣẹ́ ìlú ni ríro ọ̀nà. Baálẹ̀ yóò dá ọjọ́, agbo ilé kọ̀ọ̀kan yóò mú apá tirẹ̀, ẹni tí kò bá jáde yóò fi nǹkan gbára. Gbogbo ènìyàn ni ó ti fi ọkọ́ àti àdá san owó ọ̀nà sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ra ilẹ̀ tí ọ̀nà gbà kọjá. Bí a kò bá rántí èyí, a ó máa rò pé ẹni tí ó ń rìn lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn ń jẹ ọ̀fẹ́ ni.

Ohun kan tí ó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹni tí ó ń rìn ni ó ń sanwó. Ẹ rántí oníbodè. Kò sí ìlú ńlá kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí oníṣòwò lè gba ẹnu bodè rẹ̀ wọlé láìfi nǹkan sílẹ̀. Ìlú a máa ti ọ̀nà, a sì máa ṣí i bí ó ti wù ú, ọ̀rọ̀ títi ọ̀nà yìí sì wà lára ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì rí dì mú nígbà tí wọ́n gbé ogun lọ bá àwọn Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn ní oṣù karùn-ún ọdún 1892. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tẹ́ irin ọkọ̀ ojú irin láti Èkó ní 1896. Ó dé Abẹ́òkúta ní 1899, ó sì ti dé Ìbàdàn kí 1901 tó parí. Irin tí ó gùn tó bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàì gba orí ọ̀nà oko púpọ̀ kọjá. Àwọn tí wọ́n wá ṣí ọ̀nà ńlá ti àwọn ọ̀nà kékeré pa, kò sì sí ẹni tí ó kà wọ́n.

Ọ̀tọ̀ ni ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀ o. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ ní Àpápá, Olóyè Àmọ́dù Tìjání tí í ṣe Olúwa Èkó gbé ẹjọ́ náà lọ títí dé ìgbìmọ̀ ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì jàre ní 1921. Àwọn adájọ́ ibẹ̀ gbà pé ilẹ̀ náà jẹ́ ti àwùjọ, àti pé owó tí ó péye ni ìjọba yóò san lé e lórí. A ti mọ̀, nígbà náà, láti ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ pé ohun tí ó jẹ́ ti ọ̀pọ̀ ènìyàn ní iye lórí, àní bí ó bá ṣe pé ọba ni ó fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni wọ́n sọ. Wọn kò sọ ọ̀nà.

Ibi tí a ti kọ ọ̀rọ̀ ọ̀nà sínú òfin ní àkọyanjú ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Níbẹ̀, ọ̀nà ẹsẹ̀ lè gba àárín oko olóko kọjá, kí ó sì jẹ́ pé gbogbo ayé ni ó ní ẹ̀tọ́ láti rìn ín. Ilẹ̀ jẹ́ ti olóko, ìrìn jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Àwọn adájọ́ wọn a máa sọ pé ọ̀nà tí ó bá ti di ọ̀nà gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan, ọ̀nà ni títí láé. Wọn kò sì rí gbogbo ẹ̀tọ́ ìrìn náà gbà pẹ̀lú ẹ̀rín. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 1932, ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ láti Manchester àti agbègbè rẹ̀ gun òkè Kinder Scout, tí àwọn onílẹ̀ yà sọ́tọ̀ fún pípa ẹyẹ ìgbẹ́, wọ́n sì ju márùn-ún nínú wọn sẹ́wọ̀n. Ní 1949 ni òfin wá pàṣẹ pé kí àwọn ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ wá gbogbo ọ̀nà ẹsẹ̀ kàn, kí wọ́n sì fà á sórí máàpù.

Òfin ọ̀nà tí wọ́n ṣe ní 1980 ni ó sọ ohun tí olóko yóò ṣe bí ó bá fẹ́ kí ọ̀nà kúrò níbi tí ó wà. Kò lè dìde lóru kí ó mọ ògiri. Yóò kọ̀wé sí ìgbìmọ̀. Ìgbìmọ̀ lè sọ fún un pé kí ó kọ́kọ́ tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pé òun ni yóò ru ìnáwó tí a ó fi sọ ọ̀nà tuntun di ohun tí ó ṣeé rìn, tàbí kí ó ru lára rẹ̀, àti owó gbà-má-bìínú bí ẹlòmíràn bá pàdánù nǹkan. Wọn yóò lẹ ìkéde mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ọ̀nà, wọn yóò sì fi ọjọ́ 28 sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá ní àtakò. Bí àtakò bá wà tí kò sì yanjú, ọ̀rọ̀ kúrò lọ́wọ́ ìgbìmọ̀, ó di ti ìjọba àpapọ̀. Ní 1993 wọ́n tún ṣe ìlànà mìíràn pé ìgbìmọ̀ lè gba owó iṣẹ́ ìwé àti owó ìkéde inú ìwé ìròyìn lọ́wọ́ ẹni tí ó bẹ̀bẹ̀ fún ìyípadà náà. Kò tọ́, lójú wọn, kí opó tí ó ń san owó orí ilé máa bá olóko ńlá san owó ohun tí ó dẹ olóko náà lọ́rùn.

Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà nínú òfin 1980 yẹn tí mo fẹ́ràn ju ọ̀rọ̀ owó lọ. Ó ní a kò gbọdọ̀ fi àṣẹ sí ìyípadà bí ọ̀nà tuntun yóò bá ni gbogbo ènìyàn lára ju ti àtijọ́ lọ ní ọ̀nà tí ó hàn gbangba. Ẹ kíyè sí i pé ohun méjì ni wọ́n yà sọ́tọ̀ níhìn-ín. Owó jẹ́ ọ̀kan, ìrọ̀rùn ẹsẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Ẹni tí ó bá fi àpò owó dá ilẹ̀ kò lè fi ra èkejì.

Nílé wa ńkọ́? Òfin Ìlò Ilẹ̀, tí ìjọba ológun gbé jáde ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1978, kó ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà pé kí ó máa dì í mú fún gbogbo ènìyàn. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni fún ìlò gbogbo ènìyàn, òfin náà ka ohun tí a ó sanwó lé lórí: ilé, irè oko, àti àwọn àtúnṣe tí ènìyàn fi owó ṣe sórí ilẹ̀. Ẹ wá rò ó wò. Nínú oko, ibi kan ṣoṣo tí nǹkan kì í hù ni ojú ọ̀nà. Bí a bá ṣe é dáadáa tó ni kò fi ní hu nǹkan tó. Òṣìṣẹ́ tí ó wá ka kòkó yóò kà á, yóò ka ọ̀pẹ, yóò ka ẹbè ẹ̀gẹ́, nígbà tí ó bá sì dé ojú ọ̀nà yóò gba orí rẹ̀ kọjá lọ ka ti apá kejì. Ohun tí ogójì ọdún ìrìn ṣe, òdo ni nínú ìwé rẹ̀. Èmi kò sọ pé ẹni tí ó kọ òfin náà burú. Mo ń sọ pé ojú olóko ni ó fi wo ilẹ̀. Kò fi ojú alárìnkiri wò ó.

Ilé ẹjọ́ wa náà ti bá irú ọ̀rọ̀ yìí pàdé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà omi ni. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé 1970, àwọn ará Kolo Creek, ní ibi tí ó di ìpínlẹ̀ Bayelsa lónìí, pe Shell-BP lẹ́jọ́ pé wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ dí odò tí àwọn fi ń tu ọkọ̀. Apá òkè kún àkúnya, apá ìsàlẹ̀ gbẹ, ọkọ̀ kò lè kọjá, ọjà bàjẹ́. Ilé ẹjọ́ gbà pé ọ̀nà gbogbo ènìyàn ni odò náà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn gan-an ni ẹjọ́ wọn fi ṣubú: òfin tí a jogún lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ẹni tí ó bá fẹ́ gba owó lórí ohun tí a dí mọ́ gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ fi hàn pé ìyà tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù, wọ́n sì ti wá gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ kan tí ó pa ohùn pọ̀. Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe lè yí po? Bí ìyà bá kan ẹnìkan, a ó sanwó fún un. Bí ó bá kan gbogbo ìlú, kò sí ẹni tí a ó san án fún. Ní 1991 ni ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní Nàìjíríà tú okùn náà díẹ̀, nínú ẹjọ́ tí àwọn olùgbé Ire-Akari ní Ìsọlọ̀ pe ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù kan. Wọ́n ní ìwé òfin ilẹ̀ wa kò ní kí ẹni tí ìyà gbogbo ènìyàn kàn máa dúró de agbẹjọ́rò ìjọba kí ó tó lè kígbe. Mo yọ̀ sí ìdájọ́ yẹn. Àmọ́ ìyá mi tí ó wà ní Alápòtí kò ní owó lọ́yà.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ olówó adìẹ wa, nítorí pé èmi kò fẹ́ kí a dá a lẹ́bi kí a tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ó ní òun ti sanwó ilẹ̀. Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ni ó rà? Ìgbà tí ó wá wo ilẹ̀, ọ̀nà wà lórí rẹ̀, funfun báláú, àwọn ènìyàn ń gbà á lọ gbà á bọ̀. Ẹni tí ó ra ẹran ra egungun mọ́ ọn. Bí ó bá jẹ́ pé ẹbí tí ó ta ilẹ̀ sọ fún un pé ọ̀nà kò já mọ́ nǹkan, ẹbí náà ta ohun tí kì í ṣe tiwọn, ọ̀dọ̀ wọn ni kí ó lọ bèèrè owó rẹ̀. Kò yẹ kí ó gbà á padà lára orúnkún arúgbó.

Ó tún ní òun fi àyè sílẹ̀. Èyí ni ó ṣòro jù fún mi. Ọkùnrin náà rò pé òun ti ṣe oore, nítorí pé àwọn mìíràn ní àyíká ibẹ̀ kì í fi nǹkan kan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àyè kọ́ ni ọ̀nà. Àyè ni ohun tí a fi sílẹ̀. Ọ̀nà ni ohun tí ó ṣeé rìn. Láàárín àyè àti ọ̀nà, iṣẹ́ wà: kòtò tí a ó di, omi tí a ó gbà, igi tí a ó hú. Iṣẹ́ náà kò ní ṣàì jẹ́ ṣíṣe. Bí onílẹ̀ kò bá fi owó ṣe é, arìnrìn-àjò yóò fi ẹsẹ̀ ṣe é.

Mo jókòó mo ṣírò rẹ̀. Ìdajì wákàtí ni ìyípadà náà fi kún ìrìn ìyá ní àlọ, ìdajì ní àbọ̀. Wákàtí kan ní ọjọ́. Bí ó bá lọ sóko ní 300 ọjọ́ nínú ọdún, wákàtí 300 ni. Ẹ fi 24 pín in. Ọjọ́ méjìlá àti ààbọ̀ nínú ọdún kan, tọ̀sán-tòru, láìjẹun, láìsùn, ni obìnrin tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún yóò fi máa rìn yí adìẹ ẹlòmíràn ká. Àwọn tí wọ́n ń jiyàn pé kò yẹ kí a bu owó ọ̀nà lé onílẹ̀ lórí ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé bí a kò bá bu owó lé e, ìnáwó ti tán nìyẹn. Kò tán. A ti bu ú tẹ́lẹ̀. Ìyá ni a bu ú lé. Ohun tí ó kù kí a pinnu ni bóyá ó yẹ kí ó máa san án lọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń kọ́ nípa ètò ọrọ̀ ajé sọ fún mi pé bí owó náà bá pọ̀ jù, àwọn onílẹ̀ kò ní tọrọ àyè mọ́; wọn yóò kàn mọ ògiri lóru. Òótọ́ ni ó sọ, kò sì yẹ kí a fojú fo òótọ́ nítorí pé kò dùn. Nítorí náà èmi ìbá fẹ́ kí owó ìwé kéré, kí ó kéré débi pé kò ní sí àwíjàre fún ẹni tí ó sá fún un, kí owó iṣẹ́ sì pé pérépéré. Ẹ má jẹ́ kí a da méjèèjì pọ̀. Owó tí ó wọ inú ọ́fíìsì lọ kò di kòtò kankan. Mo ti rí ibi tí a ti gba owó lọ́wọ́ onílẹ̀, tí a ya rìsíìtì fún un, tí àwọn tí ó ń rìn sì wà nínú ẹrẹ̀ wọn síbẹ̀. Irú owó bẹ́ẹ̀ burú ju àìgbowó lọ, nítorí pé onílẹ̀ yóò na rìsíìtì sí ojú arúgbó pé òun ti parí ti òun. Ó ti sọ ẹ̀tọ́ di ọjà, kò sì sí ẹni tí ó bi ẹni tí ó ni ọjà bóyá ó ń tà.

Kí a sì tún ṣọ́ra fún ìdájọ́ tí ó lè dọ́gba lójú kí ó má sì dọ́gba nínú. Bí ó bá jẹ́ opó kan ni ọ̀nà la ilẹ̀ rẹ̀ bíńtín kọjá ńkọ́, tí ó sì fẹ́ kí a sún un sí ẹ̀gbẹ́ kí ó lè kọ́ iyàrá méjì? Iye kan náà tí kò lè ta ilé-iṣẹ́ irin jí lójú oorun yóò gba ilé lọ́wọ́ opó. Mo gbà pé kí ìlú gbọ̀nwọ́ fún un, kí wọ́n fi ọ̀wẹ̀ bá a la ọ̀nà tuntun, nítorí ọwọ́ tí ó ro ọ̀nà àtijọ́ náà ni. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni bí ìlú fúnra rẹ̀ bá ni ó fẹ́ ìyípadà, bóyá kí àwọn ọmọ ilé-ìwé má baà máa sọdá títì níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù ń sáré. A kò lè torí pé ilẹ̀ lágbájá ni ó bọ́ sí kí a ní kí lágbájá sanwó. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ ìyípadà ni kí ó gbé ẹrù rẹ̀. Mo ti gbìyànjú láti wá ibi tí òfin kékeré yìí kò ti bá ìdájọ́ òdodo mu, ibi ìṣòro kan ṣoṣo tí mo sì rí ni ibi tí ó jẹ́ pé ẹni méjèèjì ni wọ́n fẹ́ ẹ. Níbẹ̀ kí wọ́n pín in, kí wọ́n má sì jẹ́ kí lọ́yà gbọ́.

Ohun kan wà tí owó kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, n kò sì ní purọ́ pé ó lè dé ibẹ̀. Ibi tí ejò ti bu lágbájá jẹ ti wà lábẹ́ ilé adìẹ báyìí. Nígbà tí a ń gba ọ̀nà àbàtà, ìyá kò sọ ìtàn kankan fún mi. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Lẹ́yìn náà ni ó yé mi pé kò ní ìtàn kankan níbẹ̀. Èyí kò tó ìdí láti sọ pé kí a má yí ọ̀nà kankan padà láéláé. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, Alápòtí kò ní kúrò ní igbó. Ṣùgbọ́n ó tó ìdí fún ẹni tí ó fẹ́ yí i láti wá tọrọ, dípò kí ó kàn wá sọ fún ni.

Mo fẹ́ sọ bí ọ̀rọ̀ náà ti rí kẹ́yìn. Baálẹ̀ pe àwọn ènìyàn jọ ní ọjọ́ kẹta. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ wó ògiri. Ọkùnrin náà ní òun ti ná gbogbo owó òun tán sórí ògiri, omi sì lé sí i lójú. Wọ́n bi ìyá pé kí ni ó fẹ́. Ìyá ní òun kò fẹ́ kí wọ́n wó ògiri ẹnikẹ́ni, ohun kan ṣoṣo ni òun fẹ́: kí àbúrò òun bá òun gbé agbọ̀n ẹ̀gẹ́ kan láti oko wálé ní ọ̀la, kí ó gba ọ̀nà tí ó fún àwọn.

Ní ọjọ́ kejì, ó gbé e. Èmi wà níbẹ̀. Ó jáde láti ẹ̀gbẹ́ ògiri rẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé itan, bàtà kan ti sọnù sí inú àbàtà, agbọ̀n ti wọ́ sí apá kan orí rẹ̀. Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀ níwájú ìyá láìsọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó yíjú sí bíríkìlà rẹ̀ tí ó ń fọ ṣọ́bìrì lẹ́bàá ibẹ̀, ó sì bi í léèrè iye páìpù oníkọnkéré tí omi ibẹ̀ yóò gbà.